Ẹjọ́ Ajaokuta: Bí Àdéhùn Ṣe Ń Di Ọ̀ràn Láàárín Orílẹ̀-Èdè

Bí ẹnì kan ní Kabba bá yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oko, tí ìjà sì dé, a mọ ibi tí a ó gbé ẹjọ́ lọ. Àwọn àgbà ìdílé wà, Ọbaro wà, kóòtù náà wà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba Nàìjíríà bá ń bá oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè jà ńkọ́? Ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi wa yìí.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀

Gbogbo wa la mọ Ajaokuta, létí odò Ọya. Ní 1979 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ irin sílẹ̀ níbẹ̀. Itakpe, lẹ́bàá Okene, ni wọn yóò ti máa wa òkúta irin wá. Owó ńlá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí. Ní 2004, ìjọba fi Ajaokuta lé Global Steel lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà. Ní 2005, wọ́n gba Itakpe náà. Ní 2008, ìjọba fagi lé àdéhùn. Ìjọba ní Global Steel kò ṣe ohun tó ṣèlérí. Global Steel ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba ló yẹ àdéhùn.

Ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà?

Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹjọ́ òun wà lọ́wọ́ ẹbí ẹni tó ń bá òun jà. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò ńlá máa ń kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ìjà bá dé, àwọn onílàjà ni yóò dá a. Onílàjà kì í ṣe adájọ́ ìjọba kankan. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta: apá kọ̀ọ̀kan a yan ẹnì kan, ẹni kẹta a sì jẹ́ olórí. Wọn a gbọ́ tọ̀tún-tòsì, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ìlàjà àwọn oníṣòwò àgbáyé ní Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ni Global Steel gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ.

Bí ìjọba kò bá sanwó ńkọ́?

Ní 1958, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní New York pé ohun tí onílàjà bá pinnu ní ilẹ̀ kan, kóòtù ilẹ̀ yòókù yóò mú un ṣẹ. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1970. Ẹni tó jàre lè lọ sí ilẹ̀ mìíràn, kí ó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní òwò ẹni tó jẹ̀bi.

Ibi tí ẹjọ́ já sí

Ní 2016, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, Ajaokuta sì padà sọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò tán. Dọ́là bílíọ̀nù 5.258 ni Global Steel ń bèèrè. Ní 2022, wọ́n parí rẹ̀ sí dọ́là mílíọ̀nù 496. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ìlú ni. Ì bá ti ṣe ọ̀nà, ì bá ti kọ́ ilé ìwòsàn.

Ìwé lágbára, àmọ́ kò lágbára tó òtítọ́. Ní 2017, àwọn onílàjà ní London ní kí Nàìjíríà san dọ́là bílíọ̀nù 6.6 fún ilé-iṣẹ́ P&ID, lórí àdéhùn gáàsì ti 2010. Èlé gun orí owó náà títí ó fi kọjá bílíọ̀nù 11. Ní 2023, kóòtù London rí i pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti irọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì da ìdájọ́ náà nù.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Ẹ̀yin tó ń ta kajú, ẹ̀yin tó ń yá ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ kà á tán. Ẹ wò ó: ìgbà wo ló máa parí? Báwo la ṣe lè jáwọ́ nínú rẹ̀? Ta ni yóò là wá bí ìjà bá dé? Ẹ gba ẹ̀dà kan tọ́jú. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ onílàjà sí adájọ́ ìjọba?
2. Ọdún wo ni ìjọba fagi lé àdéhùn Ajaokuta?
3. Kí ló yẹ kí á wò kí á tó fọwọ́ síwèé?