Ète Méjì Nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Kan: Yorùbá àti Ọmọ Tí Ó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹdẹ

Ìfáárà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìkéde yìí fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e dá lórí èdè tí ó yẹ kí ó gba ipò iwájú. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó kan olùkọ́ ní Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ju èyí lọ: kí ni ó yẹ kí ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ń sọ Yorùbá nílé àti lọ́jà, tí ìwé ìṣirò wọn sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì? Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ète méjì ni irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní: ìmọ̀ tí ọmọ yóò ní, àti Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ìmọ̀ náà. Yorùbá ni afárá láàárín méjèèjì, èdè yòówù kí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Modákẹ́kẹ́

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a mọ̀ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àyẹ̀wò ní gbogbo iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó yàtọ̀: a kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni, olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ṣe é. Kíláàsì ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí a ṣe ìgbéléwọ̀n, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí àbájáde yìí láti gbe Yorùbá lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà fa yọ. Iṣẹ́ náà fún Gẹ̀ẹ́sì ní ètò tirẹ̀. Kò retí pé kí ọmọ ṣàdédé gbọ́ ọ láti inú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Kíláàsì tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ohun gbogbo nílò irú ètò bẹ́ẹ̀ ju ti Modákẹ́kẹ́ lọ, nítorí pé níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ti di iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ọmọ yóò ti kọsẹ̀

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ mọ ibi tí ọmọ yóò ti kọsẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "yá" kan náà wà fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí "lend" àti "borrow". "Ó" kan ṣoṣo dúró fún "he", "she" àti "it". Kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù Yorùbá, ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì kì í sì í wà nínú rẹ̀; ìdí nìyí tí "bread" fi di "búrẹ́dì".

Èyí tí ó máa ń fa èdèàìyedè jù ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó ní ìyísódì. Bí olùkọ́ bá béèrè pé "Haven't you finished?", ọmọ tí kò tíì parí lè dáhùn pé "Yes". Ní Yorùbá, "bẹ́ẹ̀ ni" nínú irú ìdáhùn yìí túmọ̀ sí pé òótọ́ ni ohun tí olùkọ́ rò: òun kò tíì parí. Olùkọ́ gbọ́ pé ó ti parí, ó sì bá ìwé òfìfo. Ọmọ náà kò purọ́. Gírámà Yorùbá ni ó fi dáhùn.

Àpẹẹrẹ kan: 45 − 19

Kí a mú ẹ̀kọ́ ìyọkúrò kan ní kíláàsì kẹrin. Ète ìmọ̀ ni pé ọmọ yóò lè yọ 19 kúrò nínú 45. Ète èdè ni pé yóò lè sọ gbólóhùn bí "19 is one less than 20", yóò sì lè kọ ọ́. "Less than" máa ń da ọmọ láàmú nítorí pé nọ́ńbà tí a ó yọ ni ó ṣáájú: "five less than fifty" kì í ṣe 5 − 50, 50 − 5 ni. Ìtò yìí gan-an wà nínú orúkọ nọ́ńbà Yorùbá. Àrùndínláàádọ́ta ni 45: àrún dín ní àádọ́ta. Oókàndínlógún ni 19: ọ̀kan dín ní ogún.

Olùkọ́ lè fi ogún kóró àgbàdo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan mú ọ̀kan kúrò, kíláàsì sì dárúkọ iye tí ó kù ní Yorùbá. Olùkọ́ tú orúkọ náà palẹ̀ lójú pátákó, ó sì kọ "one" sábẹ́ ọ̀kan, "less than" sábẹ́ dín, "twenty" sábẹ́ ogún. Àwọn ọmọ yóò sọ ọ́ fún ara wọn ní méjì-méjì kí a tó pe ẹnikẹ́ni dìde. Ìgbà náà ni ìṣirò kàn: bí 19 bá fi ọ̀kan dín ní 20, a ó yọ 20 kúrò nínú 45, 25 yóò kù, a ó sì dá ọ̀kan tí a yọ lé e padà. Ìdáhùn jẹ́ 26.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí afárá náà dópin. Ẹ̀rìndínlógún ni 16 ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ìròpọ̀ ẹ̀fà àti ẹ̀wá ni ó wà nínú "sixteen".

Ìró náà ní àyè tirẹ̀. Ọmọ tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti mọ́ létí lè má tètè gbọ́ ìyàtọ̀ "thirteen" sí "thirty", tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtẹnumọ́: ẹ̀yìn ni a ti tẹnu mọ́ ti ìṣáájú, iwájú ni a ti tẹnu mọ́ èkejì. Ìlú Ẹdẹ mọ ìlù. Tímì Adétòyèsè Láoyè, tí ó jọba níbẹ̀ láti 1946 di 1975, jẹ́ ọba tí ó ń lùlù, tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Lílu tábìlì jẹ́jẹ́ kí a tó lù ú kíkan fún "thirteen", àti kíkan ṣáájú jẹ́jẹ́ fún "thirty", yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ìgbéléwọ̀n àti ààlà

Ète méjì ń béèrè máàkì méjì. Ọmọ tí ó kọ 26, ṣùgbọ́n tí ó kọ "20 is one less than 19", mọ ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù. Èyí tí ó ka gbólóhùn náà já gaara, tí ó sì kọ 36, ni ó nílò kóró àgbàdo. Máàkì kan ṣoṣo yóò pa àwọn méjèèjì pọ̀, olùkọ́ kò sì ní mọ èyí tí yóò tún kọ́.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ní Ẹdẹ ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá kan pàápàá kò sì lè ka nọ́ńbà kọjá ogún ní èdè wọn. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ohun tí a lè fojú rí, tí a sì lè fọwọ́ kàn, ni yóò ṣáájú orúkọ.

Ìkádìí

Ìlànà ìjọba lè sọ èdè tí ìwé àti ìdánwò yóò jẹ́. Olùkọ́ ni yóò pinnu ibi tí òye ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ète èdè kò bá sí nínú ètò ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó mọ̀ yóò máa gba òdo nítorí ohun tí kò lè sọ, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé kò mọ ìṣirò.