Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ọjà tó wà nínú yàrá kì í rí olówó o!

Àwọn kan gbé àwòrán olówó ńlá sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò mọ̀. Lọ́dún 1971 ni olóògbé Ben Enwonwu, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ayàwòrán tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, ya obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christine, l'Ékòó. Ọjọ́ tí àwọn mọ̀lẹ́bí obìnrin náà tẹ orúkọ tó wà lára àwòrán yìí sórí Google lojú wọn là. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, 2019, ilé ìtajà Sotheby's ní London lù ú ní gbàǹjo, owó tó wọlé sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn!

Enwonwu ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, nítorí ó ti kú láti 1994. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ká ní wọ́n tẹ orúkọ yẹn tí wọn ò rí nǹkan kan ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ayàwòrán, agbẹ́gilére àti aláró bi ara wọn rèé: bí wọ́n bá tẹ orúkọ tèmi lónìí, kí ni wọ́n máa rí?

Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ ni wọn ò ní í rí nǹkan kan nípa wọn. Àwọn mìíràn ń dúró de ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, lóṣù kẹjọ, kí àlejò tó wá rajà. Alágbàtà á dé, á rà á ní pọ́ọ́kú, á gbé e lọ. Ẹni tó rà á lẹ́yìn ò ní í mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ láéláé. Bó bá sì jẹ́ gàlàrí ló bá a tà á, wọ́n lè gba tó ìdajì owó. Lọ́dún 2020 tí kòrónà dé, tí ìjọba ti pápákọ̀ òfurufú pa, àlejò wo ló kù? Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ní ọ̀nà kan.

Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ti ń fura. Ní 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọjà àdìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà ní London lè rajà láì dé Ìtòkú.

Ṣé kò wá léwu ni? Ó léwu o! Olè á wo iṣẹ́ ọnà yín, á ṣe irú ẹ̀. Àmọ́ òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta, 2023, fún oníṣẹ́ ọnà láṣẹ láti kọ̀wé kí wọ́n yọ iṣẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jí kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sára iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́tò tẹ́ ẹ yà nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ̀rí nìyẹn. Owó gbọ́dọ̀ wọ báńkì kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Bó bá ń lọ s'ókè òkun, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé kì í ṣe ohun àtayébáyé lẹ fẹ́ kó jáde. Àìsí ìwé yìí lè dá ọjà dúró.

Ohun kan tún kù. Ẹ má gbé gbogbo ẹyin sójú kan. Láti oṣù kẹfà, 2021, tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé Twitter, oṣù méje gbáko ni wọn ò fi ṣí i. Àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tajà mọ ohun tójú wọn rí. Ẹ kọ nọ́ńbà oníbàárà yín sínú ìwé, kí ọjà má bàa bá ẹnikẹ́ni lọ.

Fóònù tó wà lápò yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ síbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti mọ́lẹ̀, ẹ yà á, ẹ sọ bó ṣe gùn tó, ohun tẹ́ ẹ fi ṣe é àti ìtàn tó wà nídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dá iye lé e. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.