Líǹkì Kúkúrú Tiwa, Lórí Sáfà Tiwa

Ẹ kọ “Gẹ̀lẹ̀dẹ́” pẹ̀lú àmì ohùn sínú àdírẹ́sì ojú-ewé kan, kí ẹ wá dà á kọ sórí WhatsApp. Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà 6 yẹn á ti di àmì 48 tó kún fún %, nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò jọ ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́tà tí kò lámì nìkan ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. “Ẹ” kọ̀ọ̀kan tó ru àmì ohùn ni wọ́n ń tú sí àmì 15. Èyí kò ṣeé tẹ̀ sórí ìwé ìkéde ọdún, kò sì sí àgbà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lo àwọn tó ń gé líǹkì kúrú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo goo.gl. Google dá a sílẹ̀ ní 2009. Láti 2019, kò sẹ́ni tó lè fi ṣe líǹkì tuntun mọ́. Ní 2024 wọ́n kéde pé gbogbo rẹ̀ yóò kú ní oṣù kẹjọ 2025. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n ní àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ní ìparí 2024 nìkan ni àwọn máa pa. Líǹkì inú ìwé ìwádìí gan-an ló sì ń sùn pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó wá a lọ.

Ṣíṣe tiwa kò le. Ẹni tó bá tẹ líǹkì kúkúrú ń lọ bá sáfà wa. Sáfà á wo orúkọ tó béèrè, á sì darí rẹ̀ síbi tí ojú-ewé gan-an wà. Bí líǹkì yín kò bá ju ogún lọ, ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì .htaccess ti Apache ti tó:

Redirect 302 /gelede https://example.org/ojuewe-gigun

Ẹ ṣàkíyèsí 302 yẹn. 301 ń sọ fún aṣàwákiri pé ibi tuntun náà ti di títí láé, òun náà á sì há a sórí. Bí ẹ bá kó àwòrán yín lọ síbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ó ṣì lè máa gbé òǹkàwé lọ síbi àtijọ́. Àkójọ tiwa kì í pẹ́ kó tó ṣí kiri, nítorí náà 302 ni mo fara mọ́.

Bí líǹkì bá pọ̀, YOURLS dára. Ọ̀fẹ́ ni, PHP àti MySQL tó máa ń wà lórí sáfà olówó pọ́ọ́kú ló ń lò, ó sì ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí líǹkì. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé o: àwọn oníjìbìtì á fi bo àdírẹ́sì tiwọn, láìpẹ́ àwọn aṣàwákiri á máa kìlọ̀ fún èèyàn nípa orúkọ ẹgbẹ́ yín.

Kí orúkọ kúkúrú wà ní lẹ́tà kékeré, láìsí àmì: gelede, ajase. Ó ń dun ni láti bọ́ àmì kúrò lára èdè wa, ṣùgbọ́n á ṣì wà lójú-ewé gan-an.

Ohun tó sábà máa ń pa irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Owó ọdọọdún domain ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, tó kó lọ sí Paris, tí wọn kò sì san owó, ẹlòmíràn lè ra orúkọ náà, kí gbogbo ìwé tí a ti tẹ̀ máa darí èèyàn sí ọjà tirẹ̀. Kí akọ̀wé àti akápò jọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́. Kí wọ́n sì máa tẹ àkójọ líǹkì kúkúrú àti gígùn sórí bébà lọ́dọọdún, kí ó wà nínú fáìlì ẹgbẹ́.