Ọmọbìnrin tó fẹ́ di ṣọ́jà: ara ni kó kọ́kọ́ múra sílẹ̀ kó tó di ẹrù

Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Ghezo tí í ṣe ọba Dàhòmì kó ogun ja Abẹ́òkúta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló wà nínú àwọn ọmọ ogun náà, ẹnu sì ya àwọn Ẹ̀gbá tó lé wọn padà nígbà tí wọ́n rí i pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà. Àwọn Òyìnbó tó dé Dàhòmì láyé ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin yìí a máa fi ẹsẹ̀ lásán gun odi tí wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe nígbà ìdánrawò. Ọjọ́ ogun kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ara wọn ní ìyà.

Lónìí, kì í ṣe tuntun mọ́ kí ọmọbìnrin wọṣẹ́ ológun ní Nàìjíríà. Ọdún 2011 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun tó wà ní Kaduna, NDA, kọ́kọ́ gba àwọn ọmọbìnrin tí wọn yóò kọ́ bí ọ̀gá ológun tí ń jà lójú ogun, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì parí ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún 2016. Ọ̀pọ̀ mìíràn ló ti gba àgọ́ àwọn kúrútù ní Zaria wọlé. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bàtà ìsáré kiri. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó tó di pé ó dé àgọ́, ojúgun ti ń dùn ún, àwọn olùkọ́ ológun kò sì ní torí ìyẹn dúró dè é.

Ohun tó fà á ni pé egungun kì í yára bí èémí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn bá ti ń sáré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró yóò ti le sí i, kò sì ní máa mí hẹlẹ bíi ti àkọ́kọ́. Egungun ní tirẹ̀ dà bí ògiri àtijọ́ tí bíríkìlà fẹ́ tún ṣe: yóò kọ́kọ́ họ èyí tó ti gbó kúrò, kó tó fi tuntun dí i. Oṣù púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọbìnrin bá rò pé òun ti lágbára, tó sì fẹ́ máa sá ìlọ́po méjì, lè jẹ́ ìgbà tí egungun rẹ̀ kò tíì rí ara gbà. Ibẹ̀ ni egungun ti ń sán. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ṣebí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn kúrútù ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2000, fi hàn lóòótọ́ pé ewu ìfarapa àwọn obìnrin ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi obìnrin àti ọkùnrin tí agbára wọn dọ́gba wéra, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìmúrasílẹ̀ ló jẹ gàba nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò láti kékeré, nígbà tí wọ́n ń sọ fún ọmọbìnrin pé kó jókòó jẹ́jẹ́.

Oṣù mẹ́ta ló kéré jù tí ó yẹ kí ènìyàn fi múra. Ẹni tí kò sáré rí, oṣù mẹ́fà ló dára jù fún un. Ní oṣù àkọ́kọ́, kó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, kó máa fi ìṣẹ́jú kan sáré, kó sì fi méjì rìn. Ní oṣù kejì, kó máa fi kún eré náà títí yóò fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 20 láìdúró. Ní oṣù kẹta, kó máa sá kìlómítà mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá sá kìlómítà 10 lọ́sẹ̀ kan, kó má kọjá 11 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí oṣù kẹta bá bẹ̀rẹ̀ náà ló tó lè gbé báàgì kílò márùn-ún kọ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì fi rìn. Kó má ṣe gbé e sáré.

Apá àti èjìká náà ní ìpín tiwọn. Ẹni tí kò lè ṣe press-up kan ṣoṣo nílẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn sọ̀rètí nù. Kó kọ́kọ́ máa fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà kó lo bẹ́ǹṣì, kó tó wá dé ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, kó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdìde kún un kí itan lè le. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu àti kọ́mú tó di ọyàn mú dáadáa kì í ṣe fáàrí. Ara irinṣẹ́ ni wọ́n.

Oúnjẹ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Nítorí nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń dín lára obìnrin, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá sì tó yóò máa rẹ̀ bó ti wù kó sáré tó. Ó yẹ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára, ọsàn sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà inú wọn. Tíì kì í jẹ́ kí ó gbà á dáadáa, nítorí náà kó má mu ún mọ́ oúnjẹ. Wàrà àti ẹja kéékèèké tí ènìyàn lè jẹ teegunteegun wúlò fún egungun. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn obìnrin tó lé ní 5,000, tí wọ́n jẹ́ kúrútù ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D ní egungun sísán tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn kò fún. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí kó lè fúyẹ́ ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró láàárín ìmúrasílẹ̀, tí kì í sì í ṣe oyún, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, èyí sì ń sọ egungun di aláìlágbára. Dókítà ló yẹ kó lọ rí.

Ó tún gbọdọ̀ mọ ìrora yà sọ́tọ̀. Ìrora iṣan máa ń tàn kálẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó wà lójú kan lórí egungun, tí ìka kan lè tọ́ka sí, tó ń le sí i bí ènìyàn bá ti ń sáré, tàbí tó ń dunni lóru, kì í ṣe ohun tí à ń fi òróró wọ́. Kó dá eré dúró, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fi pamọ́ nítorí ẹ̀rù pé wọn yóò lé òun lè sọ egungun tó kàn sán di èyí tó dá.

Nítorí náà, kí ọmọbìnrin tó ní i lọ́kàn má ṣe dúró de ìwé ìpè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìrìn ìṣẹ́jú 30 ti òwúrọ̀ ọ̀la kò ná an lówó kankan, òun náà sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Zaria.