Agbára ni tàbí Yíyẹ? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Orin tí Kọ̀ǹpútà ń Bí

Ní ọdún 1975 ni John Holland, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè fi ọ̀nà tí àwọn ohun abẹ̀mí ń gbà yí padà láti ìran dé ìran ṣe ìṣirò. A kó ojútùú púpọ̀ jọ sínú agbo kan, a fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n, a jẹ́ kí àwọn tí ó bá peregedé bímọ, a sì yọ àwọn yòókù kúrò. Ní ọdún 1991, Andrew Horner àti David Goldberg fi ìlànà yìí ṣe orin.

"Agbo" kò ní wàhálà nínú. Orin pàápàá ní agbo. Ohun tí a fi ń wọn ọmọ agbo ni ìṣòro. Ó rọrùn láti sáré pè é ní "agbára", bí ẹni pé alágbára nìkan ni ó ń là á já. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo GenJam, ètò kọ̀ǹpútà tí Al Biles, olùkọ́ àti afọntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì jáàsì ní Rochester, gbé jáde ní ọdún 1994. Àmì òdo àti oókan 32 ni ó dúró fún ègé orin kan: ipò 8, àmì 4 fún ipò kọ̀ọ̀kan. Àmì 4 lè fi iye 16 hàn. 0 ni ìdákẹ́jẹ́. 15 ni pé kí ohùn ìṣáájú máa bá a lọ. 1 dé 14 ni ohùn tuntun. Olùgbọ́ yóò jókòó tì í, yóò tẹ lẹ́tà kan bí orin bá dùn mọ́ ọn, yóò tẹ òmíràn bí kò bá dùn.

Níbo ni agbára wà nínú èyí? Kò sí ègé orin tí ó ń bá èkejì jà. Etí ni onídàájọ́, ó sì ń rẹ etí: ìṣẹ́jú akàn ni kọ̀ǹpútà fi ń bí ọgọ́rùn-ún ègé, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń gbọ́ wọn. "Yíyẹ" ni ó sàn jù, nítorí pé nǹkan kì í kàn yẹ lásán. Ó ní ohun tí ó yẹ fún, ó sì ní ẹni tí ó yẹ lójú rẹ̀. "Ìbámu" ìbá ṣe é lò, àmọ́ orin ti gbà á fún àwọn ohùn tí ó bára mu.

Nínú DarwinTunes, tí a tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2012, olùgbọ́ 6,931 ni ó ṣe ìdájọ́ fún ìran 2,513. Ariwo lásán ni ó bẹ̀rẹ̀, orin ni ó dà. Eden, iṣẹ́ ọnà Jon McCormack ará Ọsirélíà, tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà ń pohùn. Ibi tí àlejò bá dúró sí ni oúnjẹ wọn ti ń pọ̀. Ẹ̀dá tí ohùn rẹ̀ bá dá àlejò dúró ni yóò rí jẹ, tí yóò sì bímọ. Ẹsẹ̀ àlejò ti ṣe ìdájọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, síbẹ̀ "yíyẹ" ṣì dúró.

"Àyídà", ìyẹn ìyàtọ̀ tí ń wọ inú ọmọ, gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Àwọn atúmọ̀-èdè lè fẹ́ fi "èèṣì" kún un, nítorí pé lọ́dọ̀ Holland, èèṣì ni ó ń sọ òdo di oókan. Biles kò ṣe bẹ́ẹ̀. GenJam ń ka ègé orin láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ń dojú rẹ̀ kodò, ó sì ń to ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èèṣì lè mú ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n olórin ti mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. "Àyídà" nìkan ni kí ó jẹ́ orí ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀. Kí "àyídà èèṣì" wà lábẹ́ rẹ̀.