Ọmọ Ra Mọ́tò Asáré Tòkúnbọ̀? Kó Tó Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnì, Kó Wo Bíréèkì Ná!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ọmọ yín bá sáré wọlé lọ́jọ́ kan, tó ní òun ti rí mọ́tò asáré tòkúnbọ̀ kan rà, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ má tíì kí i kú oríire. Ẹ ní kó jókòó. Owó àjọ yín ni ọ̀rọ̀ tó máa sọ tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ "fi agbára kún un."

Èmi ò ní kó má ṣe é o. Ibi tí owó yẹn máa gbà lọ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ẹ jẹ́ ká fi Mazda MX-5 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti ṣe é tó mílíọ̀nù kan. Kò tíì sí mọ́tò asáré oníjókòó méjì tó tà tó o láyé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má retí kó bá yín gbé àpò ata o! Ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Ti àkọ́kọ́ tó lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 1.6 ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 116. Ìyẹn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà fúyẹ́, kò tó 1,000 kílò, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Ìfúyẹ́ yẹn ladùn rẹ̀, ó ń yí kọ́nà bí ẹni ń jó. Ti Amẹ́ríkà ni kí ọmọ yín wá, torí ti London àti ti Jàpáànù, apá ọ̀tún ni sítíárì wọn wà, àwa sì ti kúrò nídìí ìyẹn láti 1972.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n á gé sàlẹ́ńsà, wọ́n á fi èyí tó ń bú bíi kìnnìún sí i. Gbogbo àdúgbò á jí. Ariwo ni, kì í ṣe eré! Lára ẹ́ńjìnì kékeré báyìí, agbára tí sàlẹ́ńsà nìkan ń fi kún un kì í tó nǹkan. Òmíràn á yọ àpótí fílítà, á gbé fílítà gbangba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Họ́wù! Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ara rédíétọ̀ bọ̀ ni ẹ́ńjìnì wá ń mí sínú. Afẹ́fẹ́ tútù ló ki, òun ló ń jẹ́ kí epo jó dáadáa. Owó ti lọ, agbára tún dín.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gé sípíríìnì kúrú kí mọ́tò lè balẹ̀. Tó bá já sínú kòtò ojú ọ̀nà wa yìí, irin á lu irin, táyà á fò kúrò nílẹ̀, sítíárì ò sì ní ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe mọ́.

BÍRÉÈKÌ ÀTI TÁYÀ

Bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, ibi tó máa fi dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ká ní mọ́tò tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan kọjá ìsọ̀ mẹ́ta lọ́jà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ bíréèkì kó tó dúró. Tó bá ń sá 100, ìsọ̀ méjìlá ló máa kọjá. Ẹ wo iye ènìyàn tó lè wà níwájú ìsọ̀ méjìlá.

Omi bíréèkì ni kò sẹ́ni tó ń wò. Èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Tó bá ti fà á mọ́ra tó, 155 péré lè mú un hó. Tó bá sì hó, ẹsẹ̀ á tẹ bíréèkì, bíréèkì á rì wọlẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ti tòkúnbọ̀ gbẹ̀yìn? Ẹ fà á dànù, ẹ rọ tuntun sí i, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Kò wọ́n. Pádì tuntun ló tẹ̀ lé e.

Ó di orí táyà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò tilẹ̀ fàyè gba kíkó táyà àlòkù mọ́tò kékeré wọ̀lú, síbẹ̀ gbogbo wa mọ ibi tí wọ́n ń tà á. Wọ́n lè kùn ún kó máa dán gbinrin. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí: nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tí ẹ ò bá rí i níta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sábẹ́ mọ́tò. Táyà tuntun mẹ́rin, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù tí kò tíì kú, á mú mọ́tò yìí yára ní kọ́nà ju ohunkóhun tí wọ́n lè so mọ́ ẹ́ńjìnì lọ.

Ẹ́ŃJÌNÌ WÁ ŃKỌ́?

Agbára tó ti sọnù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá padà. Plọ́ọ̀gì tuntun, wáyà plọ́ọ̀gì, fílítà, ọ́ìlì. Bẹ́líìtì táímíǹgì, 60,000 máìlì ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 96,000 kìlómítà. Ẹ́ńjìnì yìí bá ti Mazda 323 tan, nítorí náà ẹni tó bá dé Ládípò ní Mushin kò ní pòfo. Ìwọ ọ̀dọ́kùnrin, mú èyí tó ti gbó dání kí o fi wé tuntun. Má sì sọ fún ọlọ́jà pé mọ́tò asáré lò ń tún ṣe, àbí o fẹ́ kí owó lé ni?

Ọ̀nà kan wà tí kò gbà ju owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ. Lára 1.6 yìí, ilé iṣẹ́ fi táímíǹgì sí 10 dígíríì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sún un sí 14. Mọ́tò á wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n epo tó dára gan-an ló fẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí inú ẹ́ńjìnì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kíá, ẹ dá a padà sí 10, kó má baà ba písítìn jẹ́. Iná táímíǹgì ni kí mẹkáníìkì fi wò ó o, kì í ṣe etí.

Táábò? Owó táábò kì í parí sórí táábò. Á mú kílọ́ọ̀ṣì dání, á mú rédíétọ̀ dání. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi owó àjọ ṣe.

Èmi, bí ẹ bá fún mi ní náírà mẹ́wàá, mẹ́rin á lọ sórí táyà, méjì sórí bíréèkì, méjì sórí ṣọ́ọ̀kù àti bọ́ọ̀ṣì, náírà kan àtààbọ̀ fún ẹ́ńjìnì. Kó fi ààbọ̀ tó kù ra epo. Kó wá ojú ọ̀nà tó dá lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó sá 40, kó tẹ bíréèkì gidi. Bí mọ́tò bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá dúró gbọnrangandan, kó wá gbé ìyá ẹ̀.