Oògùn tí Ń Dín Ìrora Kù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọrùn-Ọwọ́

Ẹni tí ó ti ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe lè jí ní òru, kí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín rẹ̀ ti kú, kí wọ́n sì máa gún un bí abẹ́rẹ́. Iṣan ìmọ̀lára kan ni ó há sí abẹ́ ìdè líle tí ó wà ní ọrùn-ọwọ́. Bí ìsinmi kò bá ràn án, oníṣègùn a gé ìdè náà kí iṣan lè rí àyè.

Iṣẹ́ yìí kò sábà béèrè oògùn akunlóorun. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ nìkan kú ti tó. Lidocaine, tí Nils Löfgren ṣe ní ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1943, a máa tètè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wákàtí 1 tàbí 2 ni agbára rẹ̀ ń tán. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn mìíràn fi ń fi bupivacaine kún un, èyí tí ó lè pẹ́ tó wákàtí 4 sí 8, kí aláìsàn lè dé ilé kí ìrora tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsára: ọwọ́ tí ó kú kò mọ iná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó súnmọ́ ààrò tàbí omi gbígbóná. Nígbà tí ìmọ̀lára bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ẹ lo oògùn oníhóró tí a fún yín; ẹ má ṣe dúró de ìrora. Ẹ gbé ọwọ́ náà ga ju àyà lọ, ẹ máa ká àwọn ìka, ẹ sì máa nà wọ́n. Bí wọ́n bá tutù, tí àwọ̀ wọn yí padà, tàbí tí wọ́n kú síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ padà tọ oníṣègùn lọ kíákíá.